Ohun tí Òfin Fi Sílẹ̀ fún Onígbèsè

Bí gbèsè bá bo ènìyàn mọ́lẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, tó sì fi tó ìjọba létí pé apá òun kò ká a mọ́, yóò ní láti kọ gbogbo owó tó ń wọlé fún un àti èyí tó ń jáde sílẹ̀. Owó ilé, oúnjẹ, iná àti gáàsì, owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ: wọn yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì sọ èyí tó mọ níwọ̀n àti èyí tó jẹ́ àṣejù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àánú lásán ni ìṣirò yìí, pé ẹni tó bá jẹ owó olówó kò tún yẹ kó rí nǹkan kan mú dání. Ìtàn òfin náà fi ohun mìíràn hàn. Ó lé ní 400 ọdún kí àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó gbà tán pé bí wọ́n bá gbọn àpò onígbèsè gbẹ, olówó fúnra rẹ̀ ló ń pàdánù, àti pé ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú ilé onígbèsè ló ń jẹ́ kí ó lè san ìyókù.

Òfin àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1542, láyé Ọba Henry Kẹjọ. Ojú ọ̀daràn ni òfin náà fi wo onígbèsè: wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀, wọ́n ń pín in fún àwọn tó jẹ lówó, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ohun tí ìyàwó àtàwọn ọmọ yóò jẹ. Láti 1571, oníṣòwò nìkan ni irú ìpínkiri bẹ́ẹ̀ wà fún; ẹ̀wọ̀n ló ń dúró de ẹni tí kì í bá ṣe oníṣòwò. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1705 ló kọ́kọ́ yí ọwọ́ padà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún oníṣòwò tó bá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ní, láì fi kọ́bọ̀ pamọ́, ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìní rẹ̀, bí kò bá ti ju £200 lọ, kí wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè. Ikú ni ìdájọ́ ẹni tó bá fi ẹrù pamọ́. Ìkà ń bẹ nínú òfin yẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ẹni tó bá mọ̀ dájú pé kò sí ohun tí wọn yóò ṣẹ́kù fún òun yóò gbé ohun tó ní lọ síbi tí ojú olówó kò tó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí nǹkan ṣe rí nínú ilé onígbèsè nígbà náà, kó wo ìdílé Dickens. Ní oṣù kejì ọdún 1824, wọ́n ti John Dickens, akọ̀wé ìjọba, mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Southwark, ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí £40 àti ṣílè mẹ́wàá tó jẹ oníbúrẹ́dì kan. Ẹrù ilé rẹ̀ ti ń rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ohun ìdógò. Ìwé ló kọ́kọ́ lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e títí ó fi ku àga díẹ̀, tábìlì ilé ìdáná àti ibùsùn. Òfin tí yóò dá a sílẹ̀ sọ pé aṣọ àti ohun ara òun àti ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju £20 lọ. Nítorí náà, Charles ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 12 tó ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun bàtà nílé iṣẹ́ kan, ní láti lọ fi ara rẹ̀ han òṣìṣẹ́ tó ń díye lé ẹrù. Fìlà funfun tó ti gbó, jákẹ́ẹ̀tì kékeré àti ṣòkòtò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Aago fàdákà kan tí ìyá bàbá rẹ̀ fún un wà nínú àpò rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á lójú ọ̀nà pé aago yìí lè mú kí ẹrù àwọn kọjá £20. Òṣìṣẹ́ náà jáde tòun ti oúnjẹ lẹ́nu, ó wò ó lókè nílẹ̀, ó ní kò burú. Charles Dickens di òǹkọ̀wé ńlá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Forster tó tẹ ìtàn yìí jáde. Kí ni oníbúrẹ́dì jèrè nínú ìwọ̀sí yẹn? Ara ọmọdé ni wọ́n ń díye lé, wọ́n sì ti bàbá rẹ̀ mọ́lé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Òfin 1869 fòpin sí ẹ̀wọ̀n fún ọ̀pọ̀ jù lọ onígbèsè, ṣùgbọ́n £20 kò lọ. Òfin 1883 fi sílẹ̀ fún onígbèsè irinṣẹ́ rẹ̀, aṣọ àti ohun ibùsùn tòun, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, bí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò bá ju £20 lọ. Òfin 1914 tún £20 kan náà sọ. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe wà. Káfíńtà tó ní ayùn, òòlù àti ìfági tó níye lórí lè rí i pé irinṣẹ́ nìkan ti fẹ́ gba £20 náà tán, tí ibùsùn ọmọ mẹ́fà sì wà níta. Ẹni tó dá wà àti ẹni tó ní ọmọ mẹ́fà, iye kan náà ni. Owó ń dín iyì bí ọdún ti ń lọ, ṣùgbọ́n iye inú ìwé òfin kò kúrò lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin 1986 kò fi iye owó díwọ̀n mọ́. Ó fi irinṣẹ́, ìwé àti ọkọ̀ tí onígbèsè nílò fún iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú aṣọ, ohun ibùsùn, àga, ohun èlò ilé àti oúnjẹ tí ilé kò lè ṣe láìní. Lórí owó oṣù, ilé-ẹjọ́ lè ní kó máa san nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó pẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbà á débi tí ìyókù kò ní tó fún àìní ilé tó mọ níwọ̀n. Ẹnìkan lè sọ pé alábòsí yóò fi èyí bojú. Òfin náà ti rò ó: bí ohun tó fi sílẹ̀ bá níye lórí ju ohun mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà lọ, wọ́n lè gbà á, kí wọ́n ra èyí tó rọjú fún un. Ẹlòmíràn yóò ní olówó náà lè jẹ́ tálákà, bóyá opó tó yá ọ̀rẹ́ lówó, tàbí bíríkìlà tí wọn kò sanwó iṣẹ́ fún. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Síbẹ̀, bí a bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ onígbèsè, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, opó náà kò ní rí kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn baba wa kò ṣe irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rántí ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ sin gbèsè, tí Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921: yóò wọlé onígbèsè, yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀, yóò máa bú tilétọ̀nà, yóò sì pa adìyẹ inú àgbàlá jẹ. Ṣùgbọ́n Johnson yìí náà ló kọ nípa ìwọ̀fà, ẹni tó ń fi iṣẹ́ sin olówó nítorí gbèsè, pé ẹni tó ní òmìnira ni, ó ń gbé ilé tirẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tó jẹ́ ti olówó. N kò sọ pé ìwọ̀fà dára. Èlé owó ni iṣẹ́ yẹn, ojú owó kò dín, wọ́n sì ń fi ọmọdé ṣe ìwọ̀fà fún gbèsè tí kò mọ̀dí. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa pẹ̀lú mọ̀ pé ẹni tí kò ní àkókò ro oko tirẹ̀ kò lè ra ara rẹ̀ padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ìdílé. Ní 1883, ìyàwó àtàwọn ọmọ ni. Ní 1986, ó di àwọn tó ń bá onígbèsè gbé, tí wọ́n sì gbójú lé e. Ó gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń retí owó oògùn lóṣooṣù láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí nínú rẹ̀, torí pé kò bá ọmọ rẹ̀ gbé. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, tí gbèsè bá dójú ẹ̀, ẹ má fi owó ìyá yín pamọ́ sábẹ́ owó oúnjẹ nínú ìwé tí ẹ máa kọ. Ẹ tọ àwọn agbaninímọ̀ràn ọ̀fẹ́ lọ, bí irú Citizens Advice, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.