Obì, Ojú Irin àti Ìtàn Agége

Bí a bá dárúkọ Agége lónìí, búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọmọ Agége mọ̀ pé obì ló kọ́kọ́ sọ ìlú wa di ìlú ajé.

Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ó ti dé Ìbàdàn, Agége sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò Èkó ti ń dá oko sí agbègbè náà. J. P. L. Davies gbin kòkó sí Ìjọn, J. K. Coker dá oko ńlá sí Ìfàkò. Àwọn àgbẹ̀ Agége tún gbin obì gbàǹja, èyí tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Gold Coast tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé Kano ní 1911, obì wa rí ọ̀nà lọ sí Òkè Ọya. Àwọn Hausa tó ń ra obì bá wá tẹ̀dó sáàárín wa.

Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ilé-iṣẹ́ fa èrò wá, ilé sì gba ilẹ̀ oko.

Báwo ni ìtàn yìí kò ṣe ní parẹ́? Ẹ wo Ilójò Bar ní gbàgede Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Ṣùgbọ́n Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣì dúró: ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, ó sì di ilé ìtàn ojú irin. Èyí fi hàn mí pé ìkéde nìkan kò tó. Ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú, kó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mi ò sọ pé kí a má kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Àwọn òbí wa gbọ́dọ̀ tajà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, kí wọ́n tó wó ilé ìtajà àtijọ́ kan, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìjọba gbé pátákó ìtàn obì sí ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà tó ń ta obì, kí a béèrè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà rí nǹkan wò lọ́jọ́ tí a bá dàgbà.