Ilé-Ìtajà The Palms ní Lẹ́kì

The Palms jẹ́ ilé-ìtajà ńlá kan ní Lẹ́kì, ní ìhà ìlà-oòrùn Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí ọjà àti sí súpámákẹ́ẹ̀tì: onílé kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ, tí yóò pín in sí ṣọ́ọ̀bù, tí yóò fi wọ́n háyà fún ọ̀pọ̀ ayálégbé, tí yóò sì máa bójú tó iná, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀ṣọ́ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí, lẹ́yìn èyí tí yóò pín ìnáwó wọn lé gbogbo ayálégbé lórí. Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, níbi tí Victor Gruen, ayàwòrán-ilé tó sá wá láti Vienna, ti yàwòrán mọ́ọ̀lù Southdale ní ìlú Edina ní Minnesota, tí wọ́n ṣí ní 1956, nítorí pé àwọn tó ní ọkọ̀ ń kó kúrò ní àárín ìlú, ọjà sì ní láti tọ̀ wọ́n lọ.

Irú àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń kún Lẹ́kì nígbà tí oníṣòwò Táyọ̀ Amúsàn àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Persianas, gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Ẹlẹ́gúṣì. Irà ni ilẹ̀ náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 45,000 mítà níbùú lóròó. Actis, ilé-iṣẹ́ olówó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sí owó ìkọ́lé, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló sì ṣí i. Ṣọ́ọ̀bù 69 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé sinimá àti ààyè fún nǹkan bí 1,000 ọkọ̀.

Ohun tó ń gbé mọ́ọ̀lù dúró ni ayálégbé àgbà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí àwọn èèyàn torí rẹ̀ wá, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ sì ń jẹ nínú èrò rẹ̀. Nítorí pé òun ló ń fa èrò, owó tó ń san lórí mítà kan sábà máa ń kéré sí ti àwọn tó kù. Méjì ni The Palms ní ní ìbẹ̀rẹ̀, láti Gúúsù Áfíríkà ni àwọn méjèèjì sì ti wá: Shoprite, tí ẹ̀ka rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, àti Game. Kì í ṣe pé Èkó kò tíì mọ irú ọjà tí kò sí ìnájà nínú rẹ̀ rí, torí Kingsway ti ilé-iṣẹ́ UAC ti ṣe é ní Marina láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Ṣùgbọ́n Kingsway ń fi ọjà rẹ̀ jẹun ni, The Palms ń fi owó ṣọ́ọ̀bù jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kì í ra ju búrẹ́dì lọ. Atẹ́gùn tútù àti ìran wíwò ló gbé wọn dé ibẹ̀, èyí kò sì bí onílé nínú, níwọ̀n ìgbà tí ayálégbé bá ń sanwó.

Owó náà gan-an ni ìṣòro ti wá. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ onímọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà yá kọ́lé, dọ́là ni wọ́n sì ń fi ka owó ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó jẹ́ pé náírà ni ayálégbé ń pa. Ní 2005, nǹkan bí 130 náírà ni dọ́là kan; ó kọjá 280 ní 2016, ó sì kọjá 1,500 ní 2024. Báńkì Àpapọ̀ tún kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 pé àwọn kò ní í ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó irú ọjà 41 wọlé, ìrẹsì sì wà lára wọn, òfin tí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Kì í sì í ṣe owó nìkan ni ìṣòro: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n kọlu àwọn àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí inú ń bí ní Èkó doríkọ ẹ̀ka Shoprite.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Shoprite kéde pé òun fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà. Ní 2021, Ketron Investment, àpapọ̀ àwọn olówó ọmọ Nàìjíríà tí Persianas ṣe aṣáájú wọn, ra iṣẹ́ Shoprite ní Nàìjíríà, onílé sì di ọ̀kan lára àwọn tó ni ayálégbé rẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó bá jẹ́ kí ayálégbé àgbà lọ kò ní í rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn kéékèèké. Game ṣíwọ́ ní Nàìjíríà ní 2022, Shoprite náà sì ti ẹ̀ka Kánò àti ti Wuse ní Àbújá pa ní 2024.

Persianas ti kọ́ irú ilé yìí sí Ẹ́núgù, Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, Mowe àti Ìbàfò, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, náà ń gba àwọn tó ń kó kúrò ní Èkó, ṣùgbọ́n owó ilé tó wọ́n ló lé púpọ̀ nínú wọn débẹ̀, ọkọ̀ èrò ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọjà ẹ̀bá ọ̀nà àti ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ló ń sìn wọ́n. Náírà ni wọ́n ń fi san owó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.