Àwòrán Ìlú Tí A Fín Sára Bàbà



Bí ènìyàn bá gun orí Olúmọ, òrùlé Abẹ́òkúta a tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Irú ìran báyìí, tí a fi ń rí odindi ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni àwọn Òyìnbó àtijọ́ fẹ́ràn láti tẹ̀ sínú ìwé. Ní 1572, ní ìlú Cologne ní Jámánì, Georg Braun àti Franz Hogenberg tí í ṣe afínwòrán mú ìwé àkọ́kọ́ jáde nínú mẹ́fà tí ó kún fún àwòrán ìlú. Ìkẹfà kò jáde títí di 1617. Elmina, ní etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, wà nínú ìwé àkọ́kọ́ náà.

Ẹni tí ó bá mọ igbá fínfín yóò tètè mọ iṣẹ́ yìí. Afínwòrán a mú bàbà pẹlẹbẹ, a sì fi irin mímú la ojú ìlà sí i lára. Ohun tí yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún lórí ìwé, ọwọ́ òsì ni yóò fín in sí. Lẹ́yìn èyí, a ó fi tàdáwà kún ojú ìlà, a ó nu òkè bàbà mọ́, a ó tẹ́ ìwé tútù lé e, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 kò rí bẹ́ẹ̀: orí lẹ́tà ni tàdáwà ti wà níhìn-ín, ní ti bàbà, inú kòtò ni ó wà.

Nínú gbogbo àwòrán bẹ́ẹ̀, èyí tí ó kàn wá jùlọ ni ti ìlú Ìbíní. Ní 1668, Olfert Dapper, oníṣègùn kan ní Amsterdam, kọ ìwé ńlá nípa ilẹ̀ Áfíríkà; Jacob van Meurs, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ afínwòrán, ni ó tẹ̀ ẹ́. Nínú àwòrán náà, Ọba Ìbíní gun ẹṣin jáde pẹ̀lú àwọn onílù àti àwọn tí ń fa ẹkùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú wà, pẹ̀lú òrùlé ṣóńṣó ààfin tí ẹyẹ na ìyẹ́ lórí wọn.

Síbẹ̀ Dapper kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ìròyìn àwọn oníṣòwò ni ó kó jọ. Ǹjẹ́ kí a ha sọ ọ́ nù bí? Rárá o. Ní oṣù February 1897, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìbíní, iná sì jó ààfin. Nínú iṣẹ́ idẹ tí wọ́n kó lọ, a rí òrùlé ṣóńṣó tí òjòlá ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, a sì rí àpótí kan tí a ṣe bí ilé, tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Ìbíní fúnra wọn ni ó jẹ́rìí sí ẹyẹ tí afínwòrán Amsterdam kò rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ní ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé wọ̀nyí jọ ilé ìṣọ́ Òyìnbó ju ilé amọ̀ lọ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mélòó-mélòó ni ẹni tí kò tilẹ̀ wá! John Ogilby sì tún mú ìwé náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1670, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ àti àṣìṣe jùmọ̀ rìn lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ní ọjọ́ 8 oṣù August, 1914, àwọn ọmọ-ogun yìnbọn sí àwọn ènìyàn ní Ìjẹmọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ sì kú. Kò sí ẹni tí ó mọ agbo-ilé wọ̀nyí ṣáájú ọjọ́ náà tí ó ṣẹ́kù láti júwe wọn fún wa. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn nìkan ni ó kù. Nítorí náà, kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, ibi tí kànga wà, ibi tí a sin baba ńlá sí. Kí a yà á, kí a kọ ọdún sí i, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí àwa tí a ń gbé inú ilé kò bá ya ilé wa, ẹni tí ó wà ní òkèèrè ni yóò yà á fún wa, bí wọ́n ti sọ ọ́ fún un.