Ẹsẹ̀ Mọ́tò àti Ọjà Uwelu

Ẹni tó bá gbé mọ́tò tó ti gbó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Benin lónìí, tó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún, ó sì ń le bí ọmọlanke, wọ́n lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n pààrọ̀ línkẹ́ẹ̀jì, kí ariwo má lọ síbì kan. Àwọn ènìyàn a ní àìkàwé ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣà pààrọ̀-ká-wò-ó yìí ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọjà ló sì bí i.

Ní 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, tí Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Kò pẹ́ tí Peugeot 504 fi di mọ́tò ìjọba àti ti èrò. Àwọn tó gùn lẹ́yìn, tí sípíríǹgì wọn lẹ́yìn jẹ́ mẹ́rin, ló ń kó èrò gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó. Ọmọṣẹ́ tó bá ń tú mọ́tò kan náà lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, etí rẹ̀ á là. Á mọ gbá-gbá ti búṣì tó ti jẹ yàtọ̀ sí kẹ́ẹ́ tó ń dún nígbà tí a bá yí ọwọ́ ọkọ̀. Á tẹ imú mọ́tò mọ́lẹ̀: bó bá ń fò sókè-sódò lẹ́yìn tó ti yọwọ́, ṣọ́ọ̀kì ti kú.

Nígbà tí náírà já lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986, mọ́tò tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀. Tòkunbọ̀, mọ́tò àlòkù láti òkèèrè, gba ìgboro, èyí tí àwọn ará Benin ń pè ní Belgium, onírúurú sì ni. Uwelu, ní Benin, wá di ọjà ńlá fún ẹ̀yà ara tí wọ́n tú lára mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ṣọ́ọ̀kì àlòkù kò ní ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè sọ; mẹkáníìkì lè mọ àrùn, kí oògùn tó rà wá mú ariwo tirẹ̀ dání. Bí ẹ̀yà àlòkù kò bá sì wọ́n púpọ̀, dídán an wò yá ju wíwá ìdí lọ. Ti líle tún burú jù. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún títì dídán máa ń rẹlẹ̀, nítorí náà àwọn kan ń ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì kó lè ga. Ẹni tó rà á lẹ́yìn wọn kò mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló ń bá wí.

Wọ́n á ní títì ló ṣe gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin burú débi pé Diezani Alison-Madueke, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, sunkún nígbà tó rí i ní 2007. Ṣùgbọ́n kòtò ń sọ ìdí tí búṣì fi jẹ. Kò sọ ìdí tí a fi pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Àwọn mìíràn gbójú lé kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ mọ́tò wò. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ti gbó, rọ́bà tó ti gan kì í tan iná kankan ní iwájú awakọ̀. Jáàkì, irin gígùn tí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti sùúrù ló ń rí i, sùúrù yẹn kò sì sí lára owó iṣẹ́: ohun tí wọ́n bá pààrọ̀ là ń sanwó fún. Mẹkáníìkì tó fi wákàtí méjì yẹ gbogbo ẹsẹ̀ mọ́tò wò, tó wá rí i pé atẹ́gùn táyà ló kàn pọ̀ jù, èló ni ẹ ó fún un?