Ìjọba àti Ìwé Ìròyìn: Ẹ̀kọ́ láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí ọ̀rọ̀ ìjọba àti oníròyìn ṣe rí nìyẹn.

Kí ìwé kíkà tó dé Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni òpìtàn ọba. Àjogúnbá ni iṣẹ́ náà, ààfin ló sì ń bọ́ wọn. Wọ́n pa ìtàn mọ́ láti orí ọba dé ọba, ṣùgbọ́n Aláàfin ni wọ́n ń rò ó fún.

Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ó jọ pé nǹkan yóò yí padà. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1910, jẹ́ olóòtú Daily Service ní Èkó nígbà kan láàárín ọdún 1940 sí 1949. Òyìnbó ló ń ṣàkóso nígbà náà, òfin tó de ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba sì ti wà láti ọdún 1909. Síbẹ̀, ìwé ìròyìn náà jà fún òmìnira.

Lọ́dún 1959, Akíntọ́lá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pín sí méjì lọ́dún 1962. Nigerian Tribune, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1949, di ohùn alátakò. Lọ́dún 1964, ìjọba Akíntọ́lá dá Daily Sketch tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí rògbòdìyàn le, àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kan ní ẹkùn náà fòfin de títa ìwé ìròyìn alátakò. Ẹni tó ti fi kálàmù bá ìjọba wí rí ti wá di ẹni tí kálàmù ń bá wí.

Kì í ṣe ìwà ẹnì kan ṣoṣo ló fà á. Ètò ìṣèlú ìgbà náà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn dá dúró: ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí kò bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, a jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan, ẹjọ́ apá kan ló gbọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà.

Ìjọba ológun tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Kẹrin ọdún 1984 rán oníròyìn méjì lẹ́wọ̀n. Lábẹ́ ìjọba alágbádá, òfin ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìròyìn gbọ́, kí ó kọ́kọ́ béèrè: ta ló ń bọ́ ẹni tó kọ ọ́?