Ọkàn Ẹni àti Etí Ẹni

Àwọn baba wa a máa wí pé, “Ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.” Bí ìpàkọ́ ti rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn rí. Inú àyà wa ni ó ti ń lù tọ̀sán-tòru, a sì rò pé kò sí ẹni tí ó lè gbọ́ ọ jù wá lọ. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Hillbrow, ní ìlú Johannesburg, ni ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà wà kí ó tó ṣí lọ sí Parktown. Níbẹ̀ ni Dókítà John Barlow ti ṣiṣẹ́. Nígbà náà, bí àwọn dókítà bá ń gbọ́ àyà àwọn aláìsàn kan, wọn a gbọ́ ìró kékeré kan tí ó ń dún “ta” láàárín ìró kìíní àti ìró kejì ọkàn. Láti ọdún 1913, nígbà tí Gallavardin, ará Faransé, ti kọ̀wé lórí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé ìta ọkàn ni ó ti ń wá. Barlow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi oògùn tí ó ń hàn nínú àwòrán sí inú ọkàn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn gba ilẹ̀kùn kan ní apá òsì ọkàn. Ní 1963 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn rí báyìí kò mọ nǹkan kan lára. Àwọn mìíràn a máa ráhùn pé àyà àwọn ń lù kìkì. Báwo wá ni ènìyàn ti ń gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ sí?

Ní 1981, Rainer Schandry ti ilẹ̀ Jámánì gbé ìdánwò kan kalẹ̀. Ẹni tí à ń dán wò yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò máa ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, kò sì gbọdọ̀ fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀; ẹ̀rọ pẹ̀lú yóò máa kà. Bí ẹ̀rọ bá ka 40 tí òun ka 30, ìdá kan nínú mẹ́rin ti fò ó. Iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà a máa dín sí ti ẹ̀rọ. Ìdánwò náà pàápàá ní àléébù: ẹni tí ó mọ̀ pé ọkàn a máa lù tó nǹkan bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan lè fi òye ṣírò rẹ̀, kí ó sì gba máàkì láì gbọ́ ohunkóhun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá wí pé àyà òun ń lù jù, ẹ má ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì gbà á láì wádìí. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ wo aago, kí ẹ kà á. Bí ó bá sì rú yín lójú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Etí àwọn dókítà pàápàá ṣìnà fún 50 ọdún. Ìwádìí ni ó mú wọn padà sí ọ̀nà.