Àtẹ̀gùn Ilé ní Èkìtì: Láti Orí Àkàbà Dé Kọnkéré

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ náà pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn, ohun tí a ń tẹ̀ tí a fi ń gùn, Yorùbá gidi ni. Ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ohun tí wọ́n fi mọ ilé ni ó ń sọ irú àtẹ̀gùn tí ilé yóò ní.

Ilé amọ̀ tí ó yí àgbàlá ká ni àwọn baba ńlá ń gbé. Àjà nìkan ni ó wà lókè, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, àkàbà ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Ẹwà ilé kò sí nínú gíga nígbà náà. Ara ilẹ̀kùn àti òpó ni ó wà. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní.

Etí òkun ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì ti wọlé. Ní 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS parí èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Àgbádárìgì. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú dé mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wá sí Èkó. Nígbà tí owó kòkó dé Èkìtì, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò náà kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tiwọn: ògiri amọ̀, àjà pákó, àtẹ̀gùn igi. Ìrókò ni igi tí ó yẹ iṣẹ́ náà, nítorí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì fúyẹ́: kúbíìkì mítà kan ìrókò gbígbẹ kò ju nǹkan bí 650 kìlógíráàmù lọ, nígbà tí ti kọnkéré tó 2,400.

Ní 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Adó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1996, búlọ́ọ̀kù, irin àti kọnkéré ti gba ipò amọ̀ àti pákó.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Bí àtẹ̀gùn igi inú ilé àtijọ́ bá jẹrà, ọ̀pọ̀ ọmọ onílé a fẹ́ fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tí ó ti ń gbé igi fúyẹ́ láti ọdún pípẹ́ lè sán lábẹ́ ẹrù tuntun náà. Nínú ilé tuntun pẹ̀lú, táìlì tí ń dán máa ń yọ̀ bí omi òjò bá kàn án, arúgbó ni ó sì sábà máa ń ṣubú. Ògiri tí yóò gbé àtẹ̀gùn àti ẹsẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ẹwà rẹ̀.